Gìtá Tí Tíṣà Rà Láti Jọ́ọ̀sì

Ọkọ mi kì í ṣe irú èèyàn tí wọ́n máa ń sọ ìtàn rẹ̀. Tíṣà ni, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àwọn Onítẹ̀bọmi ní Erúnmu. Ó ga, ó tín-ín-rín, bàtà kan náà ló ń wọ̀ láti Ọdún Tuntun dé Kérésì, bí ẹ bá sì bi í pé báwo ni nǹkan, á ní "A dúpẹ́" bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún nílé. Dàpọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, Àjọkẹ́ ni mí, aránṣọ, ẹnu mi sì mú ju abẹ́rẹ́ mi lọ. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ pé ọrùn mi ni ẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí wà, kí ẹ má baà máa wá ẹlòmíràn kiri.

Gìtá ló fi fẹ́ mi. Kì í ṣe gìtá tiẹ̀ o. Gìtá ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó lọ ni, tó yá wá síbi ìkórè ìjọ wa ní Ìrókò. Mo jókòó sáàárín àwọn akọrin, mò ń fi í rẹ́rìn-ín nítorí pé ṣòkòtò rẹ̀ kúrú. Ìgbà tó fọwọ́ kan okùn, ẹ̀rín kú sí mi lẹ́nu. Nígbà tí a ṣègbéyàwó tán, ó dá gìtá onígìtá padà, ọdún mẹ́rìnlá gbáko ni kò fi ní òmíràn. Àmọ́ ìka rẹ̀ ò gbàgbé. Bí a bá jókòó tí a ń sọ̀rọ̀, á gbé ọwọ́ òsì lé mi lápá, ìka rẹ̀ á sì máa tẹ̀ mí níbí, á tẹ̀ mí níbẹ̀, bí ẹni ń wá okùn. Mo máa ń ní, "Tíṣà, ara mi kì í ṣe gìtá o." Á ní òun ò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ń ṣe é.

Lọ́dún 1991, ó rí ìkéde kékeré kan lẹ́yìn ìwé ìròyìn ìjọ: àgbàlagbà kan ní Jọ́ọ̀sì fẹ́ ta gìtá àlòkù, gìtá onígi tí kì í lo iná. Bàbá Ọlọ́runyọmí ni orúkọ wọn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ń gbé òkè ọya láti kékeré, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ọkọ mi kọ lẹ́tà, Bàbá fèsì. Gìtá kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ tà, oṣù márùn-ún ni wọ́n fi ń kọ̀wé síra wọn! Wọ́n ń sọ ti orin ìjọ, wọ́n ń sọ ti ọmọ iléèwé tó lágídí, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ Bíbélì ránṣẹ́ síra wọn. Bàbá ní àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ òsì àwọn, kò lè tẹ okùn mọ́, àwọn ò sì fẹ́ kí gìtá náà kú sára ògiri. Nígbà tí ọkọ mi ka ibẹ̀ sí mi létí, omi bọ́ lójú rẹ̀. Owó oṣù tí ìjọba ń san nígbà tó bá wù wọ́n, ibẹ̀ ló ti ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi pé, ó sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ kó tó fojú kan nǹkan kan.

Mo ní, "Tíṣà, ẹ ò rí ẹni yìí rí o."

Ó ní, "Àjọkẹ́, mo mọ̀ wọ́n."

Bàbá fi gìtá náà sínú bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ n'Ìbàdàn, wọ́n sì kọ ọjọ́ tí yóò dé ránṣẹ́. Ọjọ́ náà bọ́ sáàárín ìdánwò, Tíṣà ò lè fi kíláàsì sílẹ̀. Èmi sì fẹ́ lọ ra òwú àti sípì, ló bá ní kí n bá òun gbà á ní ibùdókọ̀ Ìwó Road. Ó kìlọ̀ fún mi bí ẹni rán ọmọdé níṣẹ́ ẹyin: kí n má jẹ́ kí wọ́n gbé nǹkan lé e, kí n má fi sínú bùùtù, kí n rọra. Páálí gígùn kan ni wọ́n gbé fún mi, tí wọ́n fi okùn rán yí ká. Mo yí i wò lọ́tùn-ún lósì. Kò ya, kò tẹ̀, kò rin. Orí itan ni mo gbé e lé títí mo fi sọ̀ kalẹ̀ ní Erúnmu. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Mo gbé e karí, mo sì forí lé ọ̀nà ilé.

Ó kù díẹ̀ kí n délé ni mo rí Bàbá Àjàní tí wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn. Àbúrò bàbá ọkọ mi ni wọ́n. Nígbà tí bàbá Dàpọ̀ kú, àwọn ni wọ́n rán an níwèé, nítorí náà bàbá ọkọ mi ni wọ́n jẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ yẹn, wọ́n pe ìpàdé ẹbí lé mi lórí. Wọ́n ní ìyàwó tí Dàpọ̀ lọ fẹ́ ní Ìrókò, ìwé ti mú orúnkún rẹ̀ le, ó ń kí àgbà lórí ìdúró. Irọ́ gbuu! Ọjọ́ kan péré ni, ẹsẹ̀ ló sì ń dùn mí lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja nílẹ̀, ó ń bá mi tọrọ àforíjì níṣojú gbogbo ẹbí. Ojú tì mí. Mo búra lọ́kàn mi pé wọn ò ní rí àlèébù yẹn lára mi mọ́ láéláé.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó ru ẹrù kì í kúnlẹ̀. Á tẹ orúnkún díẹ̀, á kí, àgbà á ní, "Máa lọ, ẹrù wà lórí ẹ." Kò sẹ́ni tó ń ka ìyẹn sí àfojúdi. Àmọ́ bí mo ṣe rí Bàbá Àjàní báyìí, ìpàdé ẹbí yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ délẹ̀délẹ̀, orúnkún méjèèjì nínú ẹrẹ̀, ọwọ́ kan ni mo fi di páálí mú. Páálí náà gùn. Ó fì síwájú, ó fì sẹ́yìn, ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì forí gbá etí gọ́tà onísìmẹ́ńtì. Gbogbo okùn inú rẹ̀ dún lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá Àjàní wò mí títí, wọ́n wá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́ o. Òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí mi."

Mo fi etí ìró mi nu ẹrẹ̀ ara páálí náà, mo sì ń tan ara mi jẹ títí mo fi délé pé bóyá kò ṣe é ní nǹkan kan. Ní ọ̀sán, Tíṣà sáré wọlé, ẹni tí kì í sáré bí òjò ń pa á. Ó tú okùn, ó ṣí bùláńkẹ́ẹ̀tì tí Bàbá fi wé e. Ọrùn gìtá ti ṣẹ́ níbi tó ti so mọ́ ikùn, ojú rẹ̀ sì là láti ihò àárín dé ìsàlẹ̀. Ọkọ mi ò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé e lé ẹsẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa ojú ibi tó là.

Ó ní, "Wọ́n mọ̀ pé ó ti fọ́. Wọ́n mọ̀, wọ́n wá fi ẹsẹ̀ Bíbélì bò ó mọ́lẹ̀."

Mo la ẹnu. Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo wá rò ó pé bí mo bá sọ bó ṣe ṣubú, n óò sọ ẹni tí mo kúnlẹ̀ kí, Dàpọ̀ á lọ bá Bàbá Àjàní, ìjà á dé, wọ́n á ní mo da àárín ọmọ àti bàbá rẹ̀ rú. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ojú tó máa fi wò mí ló ń bà mí. Ni mo bá pa ẹnu dé, ẹnu mi tó mú ju abẹ́rẹ́ lọ.

Ọjọ́ náà ló kọ lẹ́tà. Ó pe Bàbá ní ìwọ, ó pè wọ́n ní ẹlẹ́tàn, ó ní ọwọ́ wọn tó kú, ẹ̀san ni. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ọkọ mi tó ń fi òwe yìí kọ́ ọmọ iléèwé ló da odindi apẹ̀rẹ̀ ẹyin sílẹ̀ yìí. Ó ní kí n bá òun fi í ránṣẹ́. Èmi fúnra mi ni mo mú un lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ẹgbẹ́dá. Mo lè ya á lójú ọ̀nà. N ò ya á.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Sátidé, bàbá arúgbó kan fi ọ̀pá rìn wọ àgbàlá wa. Wọ́n ní, "Èmi ni Ọlọ́runyọmí." Òkú ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n wá sin ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n wá yà sọ́dọ̀ wa. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Bàbá ní kí a jẹ́ kí àwọn rí gìtá náà. Wọ́n gbé e lé itan, wọ́n ń fi ọwọ́ ọ̀tún yẹ̀ ẹ́ wò, ọwọ́ òsì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ohun tí kì í ṣe tiwọn. Wọ́n wá béèrè páálí rẹ̀. Mo ti ń kó èékù aṣọ sínú rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo dà á nù, mo gbé e wá. Bàbá fi èékánná ha igun tó ya. Ẹrẹ̀ pupa tó ti gbẹ já bọ́. Wọ́n wo ẹrẹ̀ náà, wọ́n wo ilẹ̀ àgbàlá wa tó pupa bákan náà, wọ́n wá wo èmi tí mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú ife omi.

Bàbá gbé páálí sílẹ̀. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ̀bi mi ni. Ọwọ́ kan ni mo fi dì í, kò dì dáadáa. Ẹ forí jì mí."

Wọ́n fa àpòòwé yọ lápò, owó ọkọ mi ló wà nínú rẹ̀, wọ́n gbé e sórí tábìlì. Ọkọ mi mú un. Ó ní, "Ọlọ́run á forí jì yín," bí ẹni pé pásítọ̀ ni. Ó wu mí kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Ọkọ mi ò sin àlejò rẹ̀ sọ́nà. Èmi ni mo sìn wọ́n, ẹsẹ̀ kan lónìí, ẹsẹ̀ kan lọ́la, títí a fi dé ẹ̀bá gọ́tà yẹn. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Mo ní, "Ibí ni, Bàbá. Mo kúnlẹ̀ kí bàbá ọkọ mi, ló bá bọ́." Mo tún kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo ń sunkún.

Wọ́n ní, "Ìyàwó, dìde. Ìkúnlẹ̀ tó o ṣe níbí ti tó."

Mo ní n óò sọ fún un lónìí olónìí. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Má sọ ọ́ nítorí tèmi. Àjèjì ni mí. Ọkùnrin tó ń bínú sí àjèjì, á ṣì wọlé, á jẹun. Èyí tó bá ń bínú sí ìyàwó rẹ̀, ilé ta ló fẹ́ lọ jẹun?"

Mo fi wọ́n sínú mọ́tò. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: inú mi dùn. Inú mi dùn pé wọ́n gbà mí sílẹ̀! Ìyẹn ló ń dùn mí jù títí dòní.

Mùnírù, káfíńtà kan ní Olódò, fi gọ́ọ̀mù lẹ gìtá náà. Ó dún, àmọ́ ó ń dún bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà. Dàpọ̀ ń ta á ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì rẹ́rìn-ín sí i. Ọkùnrin tó ń yá ẹni tí kò mọ̀ ní kẹ̀kẹ́ tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń ka iye ṣọ́ọ̀kì kíláàsì kí wọ́n má baà jí i. Bí àjèjì bá wá sí ìjọ, á ní kí a ṣọ́ra, á ní ṣé a ò rántí bàbá Jọ́ọ̀sì. Ó ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ́dọọdún. Bó bá sì gbé ọwọ́ lé mi lápá tí ìka rẹ̀ ń tẹ̀ mí, á máa dùn mí dé egungun. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Èmi mọ ilé òtítọ́, kò kàn sẹ́ni tó bi mí ni.

Lọ́dún 1994, ọmọbìnrin Bàbá Ọlọ́runyọmí kọ̀wé pé bàbá àwọn ti sùn. Okùn gìtá tuntun wà nínú ìdì tí lẹ́tà náà bá wá, odindi mẹ́fà. Ó ní bàbá àwọn ló ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Tíṣà Erúnmu. Orí bẹ́ǹṣì ni a jókòó sí, ọwọ́ ọkọ mi wà ní apá mi. Ó ka lẹ́tà náà tán, ó rẹ́rìn-ín gbígbẹ.

Ó ní, "Ẹ̀rí ọkàn ò jẹ́ kí olè sinmi, títí dójú ikú."

Ara mi ò gbà á mọ́. Mo ní, "Tíṣà, wọn kì í ṣe olè. Èmi ni." Mo sọ gbogbo rẹ̀: Bàbá Àjàní, ẹrẹ̀, gọ́tà, ohun tí Bàbá rí lára páálí, ohun tí wọ́n sọ fún mi lójú ọ̀nà. Ìka rẹ̀ tó ń tẹ̀ mí lápá dúró. Ó rọra gbé ọwọ́ náà kúrò bí ẹni gbé ife onífe kalẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ lo mú lẹ́tà yẹn lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó dìde, ó jáde. Bó ṣe di ìrọ̀lẹ́, mo gúnyán, mo se ẹ̀fọ́ tó fẹ́ràn, mo gbé e kalẹ̀ níbi tí mo máa ń gbé e sí láti ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó wọlé. Ó fọ ọwọ́, ó jókòó, ó ń wo oúnjẹ náà títí epo fi dì lórí ọbẹ̀. Ó wá gbé ọwọ́ tó ti fọ̀ lé orúnkún.

Ó ní, "Àjọkẹ́, wá gbé e."

Mo gbé e.