Orúkọ Tó Wà Lórí Fèrèsé

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni kíkọ àwọn àṣẹ tó ń ṣí fèrèsé lójú kọ̀ǹpútà, àwọn àpótí onígun mẹ́rin tí ẹ máa ń ṣí tí ẹ sì máa ń tì. Àṣẹ kan á ṣí fèrèsé, òmíràn á fún un ní ohun tó jẹ́ tirẹ̀: bí yóò ṣe fẹ̀ tó, ibi tí yóò dúró sí, orúkọ tí yóò wà lókè rẹ̀. Ohun tí ẹ ò bá sọ, kọ̀ǹpútà á lọ wò ó nínú dìfọ́ọ̀tì, níbi tí a kọ ohun tí gbogbo fèrèsé yóò máa lò bí ẹnikẹ́ni ò bá sọ nǹkan kan. Nígbà tí mo lóyún, "Aláìlórúkọ" ni mo kọ síbẹ̀ fún orúkọ. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i.

Ọmọ wa ò dé ọjọ́ kẹjọ. Ọjọ́ kẹfà ló kú, nílé tí a háyà n'Ígàndó, kí a tó sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tó fẹ́ wá pa kánópì ìkómọ ń pè pé aago mélòó ni kí òun dé. Èmi ni mo gbé fóònù náà.

Wọn ò jẹ́ kí n mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Òbí kì í mọ̀ ọ́n. Màmá, ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá láti máa wẹ ọmọ, kó àwọn aṣọ kéékèèké náà sínú báàgì, wọ́n gbé e jáde.

"Ìyàwó mi, má sunkún mọ́. Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Agbè wo? Èmi ò bí omi.

"Orúkọ tẹ́ ẹ ti mú sílẹ̀ yẹn, ẹ fi pamọ́ de èyí tó ń bọ̀."

Ọkọ mi mi orí pé ó dáa. Ó ṣe mí bíi kí n lù ú. Orúkọ tí mo ti sọ sí ọmọ mi létí nígbà tó ń mu ọmú, ṣé wọ́n fẹ́ bọ́ ọ lọ́rùn ẹ̀ bí ẹ̀wù tí ẹ̀gbọ́n fi sílẹ̀ fún àbúrò ni?

Nígbà tí mo padà sídìí iṣẹ́ mi nílé, ọ̀gá mi pè mí lórí fóònù: "Ẹ kú ìrọ́jú o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fún fèrèsé yẹn lórúkọ. Aláìlórúkọ làwọn kọ́sítọ́mà ń rí, wọ́n ń bínú ṣá."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo ṣí fèrèsé kan, mo sì kọ orúkọ ọmọ mi sókè rẹ̀. Fèrèsé yẹn nìkan ni mo fún. Bí mo bá kọ ọ́ sínú dìfọ́ọ̀tì, gbogbo fèrèsé tó bá ṣí lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò máa jẹ́ ẹ, ohun tí ìyá ọkọ mi sì ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí èyí bá ti pa dé, orúkọ bá a lọ nìyẹn. Mo mọ̀. Mi ò kàn lè tì í ni.

Wọ́n mú iná lọ. Bátìrì láptọ́ọ̀pù mi sì ti gbó.

Màmá gbé ògì wọlé fún mi. Wọ́n mọ Bíbélì Yorùbá kà dáadáa. Wọ́n tẹjú mọ́ òkè fèrèsé náà, wọ́n kà á síta. Kò sẹ́ni tó tíì pe orúkọ yẹn síta rí nínú ilé wa.

"Ṣé orúkọ ẹ̀ nìyí?"

"Òun ni, Màmá."

Bátìrì kú, ojú kọ̀ǹpútà ṣú. Màmá gbé ògì kalẹ̀, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n tún pè é, wọ́n tún pè é, bí ẹni ń pe ọmọ tó lọ ṣeré lẹ́yìnkùlé pé kó wá jẹun.