Ìbéèrè Kan Ṣoṣo tí Ìyá Onílé Bi Mí

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Houston yìí mọ̀ pé n kì í gba ìwọ̀sí. Bí dókítà bá dá mi dúró kọjá àkókò tó fún mi, màá sọ fún un, màá sì sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Bí tíṣà bá ń pe orúkọ ọmọ mi bí ẹni tí eegun há lọ́fun, màá ti dé ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, "lọ́yà" ni wọ́n ń pè mí, bẹ́ẹ̀ ètò ọrọ̀ ajé ni mo kà ní yunifásítì, ilé iṣẹ́ epo kan ní Westchase ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. N kò kọ orúkọ náà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Màmá mi pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí wọ́n dé láti Abẹ́òkúta, ọ̀dọ̀ wa ní Richmond, lẹ́bàá Houston níbí, ni wọ́n kọ́kọ́ dúró sí kí wọ́n tó lọ bá àbúrò mi tó fẹ́ bímọ. Mo lè wà nínú yàrá, kí n máa bá àwọn ọ̀gá mi ṣèpàdé lórí kọ̀ǹpútà, ìpàdé á ṣàdédé já. Màmá ti kọjá nìyẹn, wọ́n ti yọ íńtánẹ́ẹ̀tì lára ògiri. "Iná tí èèyàn ò lò, ọ̀tá ni," ni wọ́n máa ń wí. Ilé tí wọ́n bí wa sí jó nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wáyà ló fà á. Láti ìgbà yẹn, màmá wa kì í sùn láì kọ́kọ́ fọwọ́ kan gbogbo súìṣì ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fi ẹjọ́ wọn sùn wọ́n. Wọ́n bẹ̀ mí. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún yọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì ni àbúrò mi. Ìlú kékeré kan ní North Dakota ni ilé ìwòsàn ti gbà á síṣẹ́, Òkè Ọya ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó lọ salalu tí o kò ní rí òkìtì kan. Ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà, kì í sábàá sí nílé. Ó bí ọmọbìnrin kan. Màmá wa ń wẹ ọmọ náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wọ́n ń fi òrí pa á lára, wọ́n ń na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe na tiwa. Ilé tí wọ́n ń gbé jẹ́ ti ìyá aláwọ̀ funfun kan, opó tó ń sin màlúù lẹ́yìn ìlú.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ni. Ní Richmond, ooru ṣì ń mú débi pé ẹ̀rọ amúlétutù ilé wa kò sinmi. Lórí fóònù ni mo ti rí i pé ìjì yìnyín ń bọ̀ láti Kánádà, àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ òkè ló dojú kọ, nígbà tí ewé kò tíì wọ́ lórí igi. Wọ́n ní èyí tó bá yá bẹ́ẹ̀ ló máa ń burú, nítorí ewé á gba yìnyín dúró, ẹ̀ka á dá, á já lu wáyà. Mo pe àbúrò mi lórí fídíò.

"Báwo lẹ ṣe wà?"

"Dáadáa ni, Àǹtí mi. A dúpẹ́."

Àwa nìyẹn. Ilé lè máa jó lọ́wọ́, a óò ṣì máa dúpẹ́. Mo wò ó dáadáa. Fìlà onírun wà lórí rẹ̀, nínú ilé. Màmá wa jókòó lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ró ìró lé súwẹ́tà, ọmọ wà láyà wọn, imú rẹ̀ nìkan ló hàn.

"Kí lo ń fi fìlà ṣe nínú ilé?"

"Òtútù kékeré ni."

"Híítà ńkọ́?"

Màmá wa ló dáhùn. "Híítà wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Omi gbígbóná là ń gbé kaná, a ń yá a. Má da ara ẹ láàmú. Ṣé a ò gbé inú ọyẹ́ rí ni?"

"Màmá, ọyẹ́ kọ́ ló ń bọ̀ yìí. Ṣé ẹ ti sọ fún onílé?"

Àbúrò mi wo ilẹ̀. "Àǹtí, n ò fẹ́ kí wọ́n máa rò pé aláròyé ni wá. Wọ́n ṣe wá lóore. Àwọn ni wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ wá."

"Ṣé torí bẹ́ẹ̀ ni kí òtútù ṣe pa ọmọ nínú bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún? Fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀."

Nígbà tí ìyá onílé gbé fóònù, igbe màlúù ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Mo to ẹ̀sùn mi: ọmọ tuntun ń bẹ nínú ilé tí kò móoru, àgbàlagbà ń bẹ níbẹ̀, ẹni tí kò rí yìnyín rí láyé ẹ̀, ìjì ń bọ̀ lọ́la, onílé sì wà níbi tó wà. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó ní òun ń kó màlúù wálé láti pápá jíjìn ni. Irun òtútù wọn kò tíì hù. Òjò ni yóò kọ́kọ́ rọ̀ kó tó di yìnyín, ẹran tó bá sì rin gbindin tí afẹ́fẹ́ òtútù fẹ́ lù, kò ní pẹ́ tí yóò fi kú. Òun yóò wá bí òun bá ti kó wọn tán. Ó ní híítà náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ó wá bi mí pé, "Ṣé ẹnì kankan ò pa súìṣì rẹ̀ ṣá?"

Èyí ló bí mi nínú jù. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bi mí nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ yìí, lọ́fíìsì, ní báńkì, lẹ́nu ọ̀nà ilé ara mi: ṣé mo mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ yẹn ni wọ́n ń yí? Mo ní, "Màdáàmù, nọ́ọ̀sì ni àbúrò mi. Ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn mí ló ń tọ́jú. Ṣé ẹ rò pé a ò rí súìṣì rí níbi tí a ti wá ni?" Mo ka òfin ilé gbígbé ìpínlẹ̀ rẹ̀ fún un, èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán. Mo ní bí nǹkan bá ṣe ọmọ yẹn, kóòtù ni yóò máa lọ, kò ní ráyè màlúù.

Màlúù ń ké. "Ó dáa," ló wí. "Màá wá lọ́la, kí yìnyín tó dé."

Inú mi dùn. Mo ròyìn fún ọkọ mi nílé ìdáná, mo ń ṣe ohùn tèmi, mo ń ṣe ohùn obìnrin náà. Ó rẹ́rìn-ín títí. "Lọ́yà! Ó kù díẹ̀ kó o mú yìnyín fúnra ẹ̀ lọ kóòtù."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àbúrò mi gbé fóònù ti agolo mílíìkì lórí tábìlì kí èmi náà lè rí ohun tó ń lọ. Òjò ti ń di funfun lára fèrèsé. Ìyá onílé wọlé, omi ń kán lára kóòtù rẹ̀, ó sì bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Màmá wa mi orí. "Ó lẹ́kọ̀ọ́," ni wọ́n wí. Ó rìn lọ síbi ilẹ̀kùn yàrá abẹ́lẹ̀, ó ṣí i. Èmi le ojú koko ní Richmond, mo ń retí irọ́ tí yóò pa.

Kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó na ọwọ́ sára ògiri lẹ́nu àtẹ̀gùn. Mo gbọ́ tí súìṣì dún kà. Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́ ilẹ̀.

Ó yíjú padà sí àbúrò mi. "Ta ló pa á?"

"Kí ló wí?" Màmá wa ló béèrè.

"Kò wí nǹkan kan, màmá."

Ṣùgbọ́n ojú màmá wa wà lára ògiri náà. "Bọ́tìnnì pupa yẹn? Mo rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá nígbà tí mo lọ kó aṣọ ọmọ nísàlẹ̀. Mo rò pé ara iná ìsàlẹ̀ náà ni, mo bá pa á. Alaalẹ́ ni mò ń fọwọ́ kàn án kí n tó sùn, kó lè dá mi lójú pé kò sí ní títàn. Èmi ni o. Sọ fún un pé èmi ni."

"Màmá, ẹ jẹ́ kó tán síbẹ̀."

"Mo ní kó o sọ fún un!"

Àbúrò mi ń mi orí pé rárá. Ni màmá wa bá gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, wọ́n rìn lọ bá obìnrin náà, wọ́n kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ ẹ́. "Sọ́rì, ma. Mi. Mi."

Ìyá onílé rò pé wọ́n ṣubú ni. Ó dì wọ́n lápá mú, ó ń pariwo bi wọ́n pé ibo ló ń dùn wọ́n. Bẹ́ẹ̀ màmá wa kò ní dìde. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kì í dá ara rẹ̀ dìde, ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ ló ń ní kó dìde, onítọ̀hún kò sì mọ̀. Ọmọ ń ké, àbúrò mi ń sunkún. Èmi jókòó lórí àga aláwọ nínú afẹ́fẹ́ tútù tí mo fọwọ́ ara mi tàn, mo ń wo ìyá mi lórí eékún nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fi ẹnu mi gbé dìde.

"Màmá, ẹ dìde!" Mo kígbe.

"Dákẹ́," ni wọ́n wí, wọn ò wo fóònù. "Ìwọ kọ́ ni mò ń bẹ̀."

Nígbà tí obìnrin náà kò mọ ohun tó tún lè ṣe mọ́, òun náà kúnlẹ̀. Àgbàlagbà méjì dojú kọra nílẹ̀. Màmá wa kò lè fara da ìyẹn. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ dìde, wọ́n sì gbé e nílẹ̀.

Ó sáré jáde sídìí màlúù rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi padà. Wọ́n ti dí ọ̀nà lẹ́yìn ìlú, ọlọ́pàá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá. Ilé yẹn ló sùn. Màmá wa po ògì gbígbóná fún un, àbúrò mi ní kò mu ún tán. Lẹ́bàá fèrèsé ló dúró sí, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan tó lè rí níta àfi funfun. Ilé móoru. Ọmọ sùn dáadáa.

Nígbà tí ọ̀nà là, àwọn màlúù tí kò rí kó wálé ti bá afẹ́fẹ́ lọ títí wọ́n fi kan ọgbà wáyà, ibẹ̀ ni yìnyín bò wọ́n sí. Mo béèrè iye tó kú. Àbúrò mi ní, "Àǹtí, ẹ má béèrè." Kò pè mí fún ọjọ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà.

Mo pe ìyá onílé. Mo ti to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ mi bí mo ṣe ń to ẹ̀sùn. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ dé ìparí.

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi ọ́," ni wọ́n wí. Wọ́n tún béèrè bóyá ilé ṣì ń móoru. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n pa fóònù.

Inú ṣì ń bí mi. Inú ń bí mi sí ẹni tó gbé súìṣì híítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ súìṣì iná láì kọ nǹkan sí i. Inú ń bí mi sí àbúrò mi àti "a dúpẹ́" rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀sùn tí mo bá kó jọ, ẹsẹ̀ mi ló ń jábọ́ sí. Ta ló mọ ọwọ́ màmá wa tó mi? Ṣebí èmi ni mo fi ẹjọ́ ọwọ́ yẹn sùn wọ́n nínú ilé mi. Àwọn tó bi mí nírú ìbéèrè yẹn rí láti fi mí ṣẹ̀sín, n kò dá wọn lóhùn. Ìyá yìí béèrè torí ó fẹ́ mọ̀, òun ni mo gbẹ̀san lára rẹ̀.

Màmá wa ti padà sọ́dọ̀ wa báyìí, wọ́n ń dúró de ọjọ́ tí wọn óò padà sílé. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, gbogbo wa ti wọ mọ́tò tán, à ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò jáde. Mo padà wọlé lọ wò wọ́n. Wọ́n ti wé gèlè, báàgì wà lápá wọn, wọ́n dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lábẹ́ iná tó ń tàn.

"Màmá, a ti ń pẹ́."

"Iná yìí ni mò ń ṣọ́. Wá bá mi pa á."

"Súìṣì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín yẹn. Ẹ pa á, mà."

Wọ́n sún kúrò lára ògiri. "Rárá o. Màlúù tí mo pa ti tó."

Mo nawọ́ pa á. Wọ́n ní, "O ṣeun," bí ẹni ń kí àjèjì, wọ́n sì kọjá lọ síbi mọ́tò.