Ṣíbí Kan fún Ọmọ Méjì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara da ìkọ̀wé mi. Mi ò pẹ́ nílé-ìwé, èdè Faransé ni wọ́n sì fi kọ́ wa ní ìwọ̀nba tí mo lọ. Kíláàsì ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ṣábẹ̀ ni mo ti kọ́ Yorùbá tí mò ń kọ yìí, mi ò sì fi kọ ohun tó gùn ju lẹ́tà lọ rí. Bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wọ́, ẹ má bínú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí mo pé ọmọ ogún ọdún, ẹ̀gbọ́n ìyá mi mú mi wá sí Parakou, ó sì fi mí sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ni, wọn kì í béèrè ìwé ẹ̀rí ńlá. Láàárọ̀ a máa ń ṣiṣẹ́ ní kílíníìkì kan ní àdúgbò Banikanni, lọ́sàn-án a máa ń jókòó ní kíláàsì. Sitají ni wọ́n ń pe àwa tí a ń kọ́ṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ wa. Sitají, gbé omi wá. Sitají, ta ló ní kí o jókòó?

Faransé tí wọ́n fi ń kọ́ wa ga ju tèmi lọ. Bí olùkọ́ bá ń sọ̀rọ̀, mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe gbọ́ ọ, tí mo bá wá délé, mi ò ní lè ka ohun tí ọwọ́ ara mi kọ. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, oorun ti kọ̀ mí sílẹ̀. Bí mo bá sì rí oorun díẹ̀ sùn, inú rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń pè mí ní sitají, màá sì fò dìde. Oúnjẹ kò gba ọ̀fun mi mọ́. Bí mo bá ti rí géètì kílíníìkì lókèèrè, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í já, ọwọ́ mi á tutù nínú oòrùn tó ń jó gbogbo èèyàn. Mo ń fi ìdí abẹ́rẹ́ gún ara mi ní àtẹ́lẹwọ́ kí n má baà sunkún níwájú àwọn aláìsàn.

Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní àdúgbò Albarika ni mò ń gbé. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Kí ló ń ṣe ọ́ tí o fi gbẹ báyìí?"

Mo ní kò sí nǹkan kan.

"Ìwé ni. Ìwé kì í pa èèyàn. Jẹun."

Èmi fúnra mi kò mọ orúkọ ohun tó ń ṣe mí. Nílé wa, ẹni tó bá ní ọkàn òun kò balẹ̀, tí kò sì tíì bọ́ sí ìgboro láìwọṣọ, ọ̀lẹ ni wọ́n máa ń pè é.

Ẹnì kan ṣoṣo tó ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni sitají ẹlẹgbẹ́ mi kan, ọmọ ẹ̀yà Dendi láti àdúgbò Zongo. Àárín àwọn oníṣòwò Yorùbá ló dàgbà sí, ó gbọ́ èdè wa débi pé ó lè fi búni. Ó jù mí lọ, ó sì ti wà nílé ọkọ. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Bí wọ́n bá pè ọ́, o máa ń fò bí adìẹ tí wọ́n da omi lù. Lọ́jọ́ kan o máa fò gba ojú fèrèsé jáde, èmi ni wọ́n á sì ní kí n wá fọ àwọn póò tí o fi sílẹ̀."

Ọjọ́ Ajé kan ni wọ́n gba ìyá ìbejì kan wọlé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Ọkùnrin ni wọ́n, wọn ò tíì pé ọdún méjì. Ọ̀kan nínú wọn ló ń ṣàìsàn. Ikọ́ ti mú un láyà, ara rẹ̀ gbóná, ó sì ń mí fùkẹ̀fùkẹ̀. Ara èkejì le koko, ṣùgbọ́n ọmú ni wọ́n ṣì ń mu, ibi tí ọ̀kan bá wà ni èkejì gbọ́dọ̀ wà. Aṣọ kan náà, fìlà kan náà, orí bẹ́ẹ̀dì kan náà.

Bí mo ṣe kúnlẹ̀ tí mo kí ìyá náà, ó gbọ́ ohùn Ṣábẹ̀ lẹ́nu mi.

"Ọmọ ilé ta ni ọ́?"

Mo sọ fún un.

"Àbúrò mi ni ọ́ nígbà náà. Ọlọ́run ló fi ọ́ síbí dè mí."

Láti ìgbà náà ló ti ń pè mí ní àbúrò. Nínú gbogbo kílíníìkì yẹn, òun nìkan ni kò pè mí ní sitají.

Dókítà kọ oògùn olómi kan fún ọmọ náà, ṣíbí kan lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ní ọ̀dọ̀ wa, ìyá ọmọ ló ń rọ oògùn bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Sitají á dúró tì í títí ọmọ á fi gbé e mì, lẹ́yìn náà á sàmì sínú ìwé tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Àárọ̀ àti ọ̀sán, kí n tó lọ sí kíláàsì, iṣẹ́ tèmi nìyẹn.

Ní ìgbà àkọ́kọ́, ìyá náà rọ oògùn kún ṣíbí. Ó fi ààbọ̀ rẹ̀ sẹ́nu èyí tó ń ṣàìsàn, ó sì fi ààbọ̀ tó kù sẹ́nu èkejì.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan ṣoṣo ni dókítà kọ ọ́ fún."

"Mo mọ̀. Ìwọ náà sì mọ̀. Ṣé a máa ń fún ìbejì kan ní nǹkan ká fi èkejì sílẹ̀ kó máa wo ẹnu rẹ̀?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ààbọ̀ kò ní tó o."

"Bí mo bá fún wọn ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan, oògùn á tán kí ọjọ́ tó pé." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Àwọn tí mo kọ́kọ́ bí, ìbejì náà ni wọ́n. Ọ̀kan ń ṣàìsàn, a kó gbogbo ìkẹ́ lé e lórí. Èyí tí ara rẹ̀ le ló lọ. Má jẹ́ kí ojú mi tún rí i, àbúrò."

Inú ilé tí wọ́n ti ń ra nǹkan ní méjì méjì fún ìbejì ni wọ́n bí èmi náà sí. Mi ò lè pe ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní irọ́, ó sì dàgbà jù mí lọ. Ojú ń tì mí. Mo lọ síbi ìwé náà, mo sàmì pé ọmọ náà ti mu ṣíbí kan.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ń sọ fún ara mi pé bó bá di ọ̀la màá sọ ọ́. Bí ọ̀la bá dé, àmì àná á ti wà níbẹ̀, yóò sì ti dà bíi pé irọ́ mi ti pọ̀ sí i. Ní kíláàsì, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́. Ọ̀fun ọmọ yẹn ni mò ń rí, bó ṣe ń gbé ààbọ̀ mì.

Ní Ọjọ́bọ̀, dókítà fi ohun èlò tí wọ́n fi ń gbọ́ mímí sí àyà ọmọ náà, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ibà náà ti ga ju ti ọjọ́ tí wọ́n dé lọ. Ó wo ìwé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Àmì pé síbẹ̀, kò sí èyí tó fò.

Ó sọ fún olórí àwọn nọ́ọ̀sì pé, "Oògùn yìí kò ràn án. Ta ló ń ṣọ́ ọ?"

Obìnrin ará Kétu ni olórí náà, Majọ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Ó fi ojú tọ́ka sí mi, dókítà sì kọjú sí mi.

"Sitají, ṣé ó ń mu ún bó ṣe yẹ?"

Gbogbo ojú wà lára mi. Ìyá ọmọ náà kò gbọ́ Faransé dáadáa, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí wọ́n ń béèrè, ó sì ń wò mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti ìgbà tí mo ti dé kílíníìkì yẹn, mi ò tíì fi Faransé dáhùn kíákíá bẹ́ẹ̀ rí.

Dókítà ní bí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò sí ìyàtọ̀, òun yóò jáwọ́ nínú oògùn náà, òun yóò sì fi ọmọ ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá kí wọ́n wá èyí tó lágbára sí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, gìrì mú un níṣojú mi. Ojú rẹ̀ yí sókè, ara rẹ̀ le gbagidi. Ìyá rẹ̀ ké. Majọ̀ sáré wá, ó yí ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń pàṣẹ, mi ò sì gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí gìrì náà fi tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé èkejì rẹ̀ jókòó sí orí bẹ́ẹ̀dì kan náà, ó di ṣíbí oògùn mú, ó ń fi lu ìgò.

Mo jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí wọ́n ń sá aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí. Mo ń wá èémí, mi ò rí i. Mo rò pé ikú ni. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi ọmọ Zongo bá mi.

"Ta ló nà ọ́?"

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì mí, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n máa mí pẹ̀lú òun, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Nígbà tí èémí mi padà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Èmi ò ní sọ. Ọwọ́ mi kọ́ ló sàmì. Ṣùgbọ́n gbọ́, ọmọ yẹn kò mọ̀ pé ojú ń tì ọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Ṣé o rò pé ìwọ nìkan ni? Ẹ̀yìn aṣọ yìí ni èmi náà ti sunkún ní ọdún tó kọjá, tí mi ò lè mí. Majọ̀ ló bá mi níbí. Ó gbé mi kúrò nídìí àwọn aláìsàn fún ọjọ́ mélòó kan, ó ní kí n máa ká báńdéèjì. Kò pa mí jẹ. Ẹnu rẹ̀ ló gbóná, inú rẹ̀ kò gbóná tó bẹ́ẹ̀."

Mi ò lọ sí kíláàsì lọ́sàn-án náà. Mo dé etí títì, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Malanville ti ń kọjá, mo sì dúró níbẹ̀ pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìsinmi nìkan ni mò ń rò. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀. Ọlọ́kadà kan ló dúró síwájú mi.

"Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ kọjá ni àbí ẹ̀ ń ka mọ́tò?"

Mi ò mọ ìgbà tí mo gun ọ̀kadà rẹ̀. Ó gbé mi dé Albarika.

Nílé, mo kó aṣọ mi sínú àpò. Ọkọ̀ Ṣábẹ̀ máa ń gbéra ní ìdájí, mo sì ti pinnu pé màá wọ̀ ọ́, màá pa ẹ̀rọ ìpè mi, kò sì sí ẹni tí yóò tún pè mí ní sitají mọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi rí àpò náà, ó bi mí bóyá ìsinmi ni wọ́n fún wa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni kejì nìyẹn lọ́jọ́ kan.

Mo dùbúlẹ̀, mo sì ń gbìyànjú láti rí ara mi ní Ṣábẹ̀, nínú àgbàlá ìyá mi. Kò ṣeé ṣe. Ìwé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ni mò ń rí. Bí mo bá lọ, àmì mi kò ní bá mi lọ. Yóò wà níbẹ̀, dókítà yóò máa kà á, yóò sì máa gbà á gbọ́, wọ́n á gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, àwọn tó wà níbẹ̀ náà á kà á, wọ́n á gbà á gbọ́. Kò sì sẹ́ni tí yóò sọ fún wọn pé ọmọ náà kò tíì mu oògùn yẹn bó ṣe yẹ rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo se omi, mo fi ṣúgà díẹ̀ sí i. Mo fọ ìgò oògùn òfìfo kan títí òórùn fi kúrò lára rẹ̀, mo rọ omi náà sínú rẹ̀ nígbà tó tutù. Mo fi àpò aṣọ mi sílẹ̀ níbi tó wà, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Banikanni.

Majọ̀ wà nínú yàrá oògùn, ó ń to ìbọ̀wọ́ sínú páálí. Mo kúnlẹ̀. Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, nítorí pé Faransé mi kò lè gbé e.

"Majọ̀, ọmọ ìbejì yẹn kò mu ṣíbí kan rí. Ààbọ̀ ni. Wọ́n ń pín in fún èkejì. Mo rí i, mo sì sàmì pé ó pé."

Ó gbé ìbọ̀wọ́ sílẹ̀. "Ọjọ́ mélòó?"

"Mẹ́ta, àná sì ṣe ìkẹrin."

Kò bú mi. Ó pe dókítà lórí ẹ̀rọ ìpè níṣojú mi, ó sọ ọ́ fún un. Dókítà ní kí wọ́n fún ọmọ náà ní ṣíbí kan tó kún báyìí, òun ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbé e lọ ibikíbi. Majọ̀ gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, ó kọjú sí mi.

"Ṣé o ń jẹun rárá, ìwọ ọmọ yìí?"

"Rárá, mà. Mi ò sì ń sùn."

"Dìde. Bí o bá ṣe tán níbẹ̀, padà wá bá mi. Ìjókòó ni a ó fi sọ ìyẹn."

Mo lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì. Mo kí ìyá ìbejì, mo sì sọ fún un pé mo ti sọ ọ́ fún Majọ̀. Ó yí ojú sí àwọn ọmọ rẹ̀. Mo gbé ìgò mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò oògùn.

Mo ní, "Èyí ni ti èkejì. Omi ṣúgà ni. Ohun tí ọ̀kan bá mu lẹ́nu ṣíbí, èkejì náà á mu ún lẹ́nu ṣíbí, lẹ́ẹ̀kan náà."

Ó wo ìgò méjèèjì pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé èyí tó ń ṣàìsàn lé itan kan, ó gbé èkejì lé itan kejì, ó sì di àgbọ̀n wọn mú. Mo rọ ṣíbí méjì kún dé etí, oògùn sí ọ̀kan, omi ṣúgà sí èkejì. Mo fi ìgúnpá lé etí bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n má baà dà, mo sì fi ṣíbí náà sẹ́nu àwọn méjèèjì.