Irinwó Àkọ̀ Tó Di Ogójì

Ọkọ mi ò mọ irọ́ pa. Bó bá yọ ẹran kan nínú ìkòkò, ojú rẹ̀ á ti sọ fún mi kí n tó ṣí ìdérí. Irọ́ kan ṣoṣo ló pa láyé rẹ̀, ó sì fi ọdún méjìdínlógún pa á, sínú ìwé ìjọba, nítorí ẹyẹ.

Olùṣọ́ ni níbi adágún tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ omi. Lọ́dọọdún, bí òtútù bá ti lé wọn kúrò nílẹ̀ òyìnbó lọ́hùn-ún, àwọn àkọ̀, ẹyẹ ńlá ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, máa ń fò wá sinmi níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó máa bá ìrìn àjò wọn lọ. Òun ló ń kà wọ́n láràárọ̀, tó ń kọ iye wọn sílẹ̀. Àdúgbò sọ ọ́ ní Bàbá Oníṣirò. Bí mo bá gbé oúnjẹ lọ bá a tí mo kí i, ọwọ́ lásán ni yóò nà sí mi pé kí n dákẹ́. Inú máa ń bí mi gan-an ni.

Lọ́dún àkọ́kọ́, ó kọ irinwó. Wọ́n lẹ iye náà mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn apẹyẹ ti kó àwọ̀n dé. Ọkọ mi sunkún níṣojú mi. Láti ìgbà náà, bó bá ka irinwó, ogójì ni yóò kọ.

Ó ní, "Ta ló máa gbé àwọ̀n wá torí ogójì ẹyẹ?"

Mo gbóṣùbà fún un. Ẹ má dá òun nìkan lẹ́bi, ọwọ́ mi wà ńbẹ̀.

Lọ́dún yìí ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ọ̀gá tuntun tó dé sílé iṣẹ́ omi fẹ́ fi iyanrìn dí adágún, kó kọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Òfin wọn ni pé wọ́n lè dí adágún tí ẹyẹ rẹ̀ ò bá tó ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ṣí ìwé, wọ́n rí ogójì. Èmi àti ọkọ mi sáré lọ bá ọ̀gá náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, irinwó ni wọ́n. Èmi ni mo ń dín in kù."

"Ẹ ti ń purọ́ fún wa látọjọ́ yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Bàbá, báwo ni mo ṣe máa wá mọ̀ pé ẹ ò purọ́ lónìí?"

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa dé. Ẹ wá fojú ara yín rí wọn."

Ó ní ọkọ̀ iyanrìn ò lè máa dúró de ẹyẹ. Mo bú u dáadáa. Nígbà tá a délé, mo bú ọkọ mi náà, torí òun ló wà nítòsí. Kò jẹun fún ọjọ́ méjì. Ẹ̀rù bà mí.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, iyanrìn ti kún dé etí. Ọ̀sán gangan ni àwọn àkọ̀ dé. Wọ́n ń yí po lókè, wọ́n ti na ẹsẹ̀ sílẹ̀, wọn ò rí omi tí wọ́n máa bà sí. Awakọ̀ iyanrìn pa ẹ́ńjìnnì, ó ń wòkè.

"Háà! Àwọn ẹyẹ yìí mà pọ̀ o!"

Ọkọ mi kà wọ́n tán: irinwó ó lé mẹ́tàdínlógún. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí awakọ̀ fọwọ́ sí i.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Ọkọ mi na bírò sí i. Àwọn ẹyẹ náà kọjá lọ. Omi tó tún kàn, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta ni, ó sì ti rẹ̀ wọ́n jù láti débẹ̀. Ọkọ mi jókòó sórí iyanrìn.

"Ìyá wọn," ó wí fún mi, "àwọn apẹyẹ ì bá ṣì ṣẹ́ díẹ̀ kù."