Ìwọ̀n Ìbàdí Nọ́ọ̀sì Lẹ́nu Àjèjì

Ìtàn yìí kò rìn jìnnà. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ló ti ṣẹlẹ̀, obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Onítéèpù, torí pé téèpù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ àfi tó bá fẹ́ sùn. Ó mọṣẹ́ dójú àmì. Bó bá wọn èèyàn tán, á kọ ọ́ sínú ìwé: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àyà, ìbàdí, gígùn apá.

Lọ́jọ́ kan tó ń gbálẹ̀, ó rí ògbólógbòó ìwé ìwọ̀n mẹ́ta lábẹ́ máṣínì, eruku ti bò wọ́n. Kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe? Ó kó wọn fún ọlọ́ṣẹ tó wà lódìkejì títì, pé kó máa fi wé ọṣẹ fún àwọn oníbàárà. Ọlọ́ṣẹ dúpẹ́ títí, ó fún un ní ọṣẹ kan. Tayọ̀tayọ̀ ló fi gbé e lọ sílé.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí nọ́ọ̀sì kan, ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́, já wọlé bí ìjì.

"Ìyá Onítéèpù, ẹ wá wo ayé! Ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí pè mí níbi iṣẹ́. Ó ní, 'Ẹ̀yin oníbàdí mẹ́rìnlélógójì, ṣé dáadáa lẹ wà?' Ó mọ orúkọ mi, ó mọ àyà mi! Láti àárọ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ tún ń wọlé pé mo jẹ ẹ̀bùn mọ́tò, kí n fi nọ́ńbà àṣírí báǹkì mi ránṣẹ́. Èmi tí mi ò ta tẹ́tẹ́ rí!"

"Ta ló lè ṣe irú èyí?"

"Àbúrò mi tíṣà ni. A jọ ń wọ aṣọ ara wa, òun nìkan ló mọ ìwọ̀n mi. Mo ti ní kó má dé ilé mi mọ́."

Píìnì mẹ́ta ni Ìyá Onítéèpù fi eyín dì mú lásìkò náà. Ó fi wọ́n síbẹ̀, kò yọ wọ́n títí nọ́ọ̀sì fi lọ.

Ló bá sáré sọdá títì.

"Ìwé mi dà?"

"Ó mà wúlò o!" ni ọlọ́ṣẹ wí. "Ewé mẹ́fà ló kù. Ọkùnrin kan tiẹ̀ tọrọ púpọ̀ sí i, ó ní òun fẹ́ràn ìwé kíkà."

Ó gba ewé mẹ́fà náà, ó ká wọn mọ́ ìró. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kò lè sọ ọ́. Bí fóònù ẹnikẹ́ni bá ti dún lójú títì, á di ìró rẹ̀ mú.

Lọ́jọ́ kẹrin ni tíṣà gbé aṣọ wá.

"Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ ra èyí, Mà. Ẹ gé tèmi sọ́tọ̀. Wọ́n ní mo ta àṣírí àwọn."

Ìyá Onítéèpù gbé sísọ́ọ̀sì, àmọ́ kò lè gé e. Ó fa tíṣà lọ́wọ́, ó di ilé nọ́ọ̀sì.

"Nọ́ọ̀sì, àbúrò yín kọ́. Èmi ni. Mo kó ìwé ìwọ̀n fún ọlọ́ṣẹ."

"Ẹ̀yin? Lọ́jọ́ tí mo ń bú ọmọ ọlọ́mọ níwájú yín ńkọ́?"

"Píìnì wà lẹ́nu mi."

"Odidi ọjọ́ mẹ́ta?"

Ìyá Onítéèpù ń wo ilẹ̀ bóyá á lanu, ilẹ̀ ò lanu. Nọ́ọ̀sì ti di àbúrò rẹ̀ mú, ó ń bẹ̀ ẹ́, tíṣà ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín: "Oníbàdí mẹ́rìnlélógójì!"

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì yíjú padà. "Ẹ ó máa ránṣọ mi o, ọwọ́ yín ò láfiwé. Àmọ́ mo ti gba nọ́ńbà tuntun, ẹ ò sì ní rí i."

"Ẹ má fún mi."

Ìyá Onítéèpù dáná sun ewé mẹ́fà náà. Ó wá ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń jẹ́wọ́ fáwọn oníbàárà yòókù, kí wọ́n má bàa dá ìpè àjèjì lóhùn. Àwọn kan forí jì í, àwọn kan gba aṣọ wọn.

Nígbà tí aṣọ nọ́ọ̀sì parí, ó gbé e, ó fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn dé ọsibítù tí nọ́ọ̀sì ti ń ṣiṣẹ́, ó jókòó sáàárín àwọn aláìsàn, ó ń dúró dè é.

"Ẹ ò ṣe pè wọ́n lórí fóònù, Mà?" ni ẹnìkan bi í.

Ìyá Onítéèpù dorí kodò. "Mi ò ní nọ́ńbà wọn."