Ẹrẹ̀ Ara Bàtà Olùkọ́ Wa

Bí mo bá rí bàtà rọ́bà tí ẹrẹ̀ gbẹ mọ́, obìnrin tó kọ́ wa ní ewì Yorùbá ní Lọ́kọ́ja ni mo máa ń rántí. Ọmọ àgbẹ̀ Òwórò ni. Bí àkúnya omi bá ti lọ tán, á wọ bàtà náà, á kó wa lọ sétí odò, á ní ká fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì sáré sọ ní kíláàsì pé, "Odò dúró fún ìyè, mà," á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìwé onítọ̀hún. "Ìtumọ̀ ò ní sá lọ. Kí ni ojú rẹ rí?"

Ilé ìwé wa kò gba ipò kankan rí níbi ìdíje ìtúmọ̀ ewì láàárín àwọn ilé ìwé. Lọ́dún tí wọ́n rán mi lọ, ewì tí wọ́n ní ká túmọ̀ nìyí:

Odò fà sẹ́yìn,
ó fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ fún mi,
mo bú sẹ́rìn-ín.

Àwọn tó ṣáájú mi ní àdánù ni ẹrẹ̀ náà, pé ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Òwe yẹn dùn létí, àmọ́ ẹsẹ̀ mi rántí etí odò.

Mo ní, "Àgbẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ibi tí omi bá fi ẹrẹ̀ sí ni ìrẹsì ti ń ṣe dáadáa. Ó ti rí oko rẹ̀ ló ṣe ń rẹ́rìn-ín."

Gbọ̀ngàn hó yèè. Àwa la gba ipò kìn-ín-ní! Mo sáré lọ bá olùkọ́ mi.

"Kí ni ojú rẹ rí?"

"Ẹrẹ̀ ni, mà."

Ó bú sẹ́rìn-ín.