Kànga Tí Mo Fi Dúnàádúrà

Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé, gbogbo ẹni tó bá ti gbé báàgì aláwọ lọ́wọ́ ló ń pe ara rẹ̀ ní kọ́ńsọ́tántì. Èmi náà wà nínú wọn. Iṣẹ́ tèmi ni láti yẹ ilẹ̀ àti omi wò kí wọ́n tó dá iléeṣẹ́ sílẹ̀, kí n sì kọ ohun tó lè bàjẹ́ níbẹ̀.

Iléeṣẹ́ kan fẹ́ máa fọ́ òkúta lẹ́yìn Emùré, lókè odò tí abúlé kan ń mu. Ọ̀gá mi mú ìwé àyẹ̀wò àtijọ́ kan jáde, èyí tí wọ́n kọ fún iléeṣẹ́ kan létí òkun, ó ní kí n ṣáà yí orúkọ ìlú padà. Mo kà á ní ọ́fíìsì wa n'Ìkẹ́rẹ́. Alákàn ló kún inú rẹ̀. Alákàn inú òkun, ní Emùré! Ó rí mi lára. Mo pa gbogbo alákàn náà rẹ́, mo sì kọ ojú ewé kan tó jẹ́ tèmi: ekuru òkúta yóò ṣàn wọ odò yẹn bí òjò bá rọ̀, kí wọ́n wá ibòmíràn.

Ọ̀gá kà á tán, ó fà á yọ kúrò nínú fáìlì.

"Sà, omi mímu àwọn èèyàn ni."

"Mo mọ̀. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ẹni tí kò tiẹ̀ ní dé etí odò ni?"

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàádúrà bí ẹni ń ra ata. Mo ní bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé iléeṣẹ́ náà yóò gbẹ́ kànga, n ó fọwọ́ sí i. Wọ́n kọ ọ́, mo fọwọ́ sí i. Mo tiẹ̀ ń yangàn lọ sílé pé mo gbọ́n.

Mo padà lọ síbẹ̀ lọ́dún kejì. Wọ́n gbẹ́ kànga lóòótọ́, àmọ́ inú ọgbà tiwọn ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, wọ́n sì tì í ní àgádágodo. Odò ti funfun bí omi ògì. Ìyá àgbà kan ń fi aṣọ sẹ́ ẹ sínú kòròbà. Ó dá mi mọ̀ láti ìgbà tí mo wá yẹ odò náà wò.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, ọmọ mi. Ùwé yín ni wọ́n fi hàn wá nígbà tí a pariwo. Wọ́n ní ẹ̀yin tí ẹ kàwé ti wò ó, pé kò séwu. Ṣé ká máa mu ún?"

Mo kórìíra ara mi lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ dájú pé iná kì í lé ekuru òkúta kúrò nínú omi.

"Ẹ máa sè é kí ẹ tó mu ún, mà."

Ìyá tó dàgbà tó ẹni tó lè bí ìyá mi kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.